Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Orúkọ Wa: Ìtàn Àwọn Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ń Yẹ Àkọtọ́ Wò

Ìwé ìpè kan ni ó fa àròkọ yìí. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe wòlímà Àlùkùránì, wọ́n sì ní kí èmi tí wọ́n ń pè ní akọ̀wé nínú ẹbí bá wọn tẹ ìwé ìpè náà. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo kà á lẹ́ẹ̀kan, ó dára lójú mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé. Ìgbà tí a ti pín ìwé káàkiri àdúgbò tán ni ọmọdé kan pariwo pé, “Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ síbí!” Níbi tí mo ti kọ Walimat, Walmart ni ó wà níbẹ̀, orúkọ ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Ètò tí ń yẹ àkọtọ́ wò nínú kọ̀ǹpútà mi kò mọ Walimat rí. Ó wo ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn nínú àwọn tí ó mọ̀, ó sì fi rọ́pò rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí a ń ṣe wòlímà fún kò rẹ́rìn-ín.

Mo sọ èyí nítorí ìbéèrè kan tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa báyìí: èwo nínú àwọn ètò tí ń yẹ ìwé wò ni kí n mú, kí ìwé mi lè já gaara? Àwọn kan ń béèrè nítorí lẹ́tà ìwáṣẹ́, àwọn mìíràn nítorí àpilẹ̀kọ ìgboyè ní yunifásítì. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá gba ọmọ ọ̀dọ̀ sílé a máa kọ́kọ́ béèrè ilé tí ó ti wá. Ẹ jẹ́ kí á béèrè ilé tí àwọn ètò wọ̀nyí ti wá, kí á tó sọ èyí tí a óò mú.

Kí ẹ̀rọ tó dé, ojú ènìyàn ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láàárín àwọn onímọ̀ Lárúbáwá àtijọ́, ẹni tí ó bá da ìwé olùkọ́ rẹ̀ kọ kì í kàn gbé e pamọ́ bẹ́ẹ̀. Yóò gbé ẹ̀dà rẹ̀ wá, ọ̀kan yóò máa ka ìwé sókè, èkejì yóò máa fojú tọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ nínú ẹ̀dà kejì. Muqābala ni wọ́n ń pe èyí. Nígbà tí wọ́n dá ilé ìtẹ̀wé Bulaq sílẹ̀ ní Káírò ní ọdún 1820, àwọn onímọ̀ láti Al-Azhar wà lára àwọn tí wọ́n gbà láti máa yẹ ìwé wò kí ó tó jáde. Iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe ohun tí a ń fi ìdajì ojú ṣe, bí èmi ti ṣe ìwé ìpè yẹn.

Ẹ̀rọ kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wá láti gba iṣẹ́ yìí ṣe. Ní ọdún 1961, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Les Earnest, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ń wá bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe lè ka ìwé tí a fi ọwọ́ kọ, irú èyí tí lẹ́tà rẹ̀ so mọ́ra wọn. Ó wá to 10,000 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ́pọ̀ jù lọ fún ẹ̀rọ náà, kí ó lè máa wò ó bóyá ohun tí òun rò pé òun rí jẹ́ ọ̀rọ̀ ní tòótọ́. Àkójọ ọ̀rọ̀ yẹn ni babańlá gbogbo ètò tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí. Earnest gbé èrò náà lọ sí Yunifásítì Stanford, níbẹ̀ sì ni Ralph Gorin ti kọ ètò tí a ń pè ní SPELL ní ọdún 1971.

Bí SPELL ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé wa. Yóò mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, yóò wá a nínú àkójọ rẹ̀. Bí ó bá rí i, ó kọjá lọ. Bí kò bá rí i, yóò dán an wò bóyá lẹ́tà kan ni a ṣì, tàbí lẹ́tà méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn ni ó gbapò ara wọn. Fred Damerau ti ilé iṣẹ́ IBM ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1964 pé ohun tí ó lé ní 80 nínú 100 àṣìkọ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin: lẹ́tà kan dín, lẹ́tà kan lé, lẹ́tà kan jókòó sí àyè òmíràn, tàbí méjì pààrọ̀ àyè. Ẹ padà wo Walimat. Ẹ yọ i kan kúrò, kí ẹ fi r kan sí i, ó di Walmart. Ìgbésẹ̀ méjì péré ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ibì kankan nínú gbogbo èyí tí ẹ̀rọ náà ti béèrè ohun tí gbólóhùn ń sọ. Kò mọ̀ bóyá a ń pe ènìyàn wá síbi ayẹyẹ tàbí sí ọjà.

Ẹnìkan lè rò pé bí àkójọ ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ tó ni ètò yóò ti dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Bell Labs, Steve Johnson kọ ètò kan tí a ń pè ní spell ní ọdún 1975. Doug McIlroy tún un ṣe, ó sì fún ọ̀rọ̀ bí 30,000 pọ̀ kí ó lè wọ inú kọ̀ǹpútà tí àyè tí ó fún ètò kan kò ju 64 kílóbáìtì lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín lónìí ju èyí lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Ẹ lè kà á sí ìyà, ṣùgbọ́n àǹfààní wà nínú rẹ̀. James Peterson fi hàn ní ọdún 1986 pé bí a bá kó àwọn ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ wọnú àkójọ, bẹ́ẹ̀ ni àṣìkọ púpọ̀ sí i yóò máa sá pamọ́ sábẹ́ wọn, nítorí pé ohun tí a ṣì kọ yóò bá ọ̀rọ̀ kan mu tí ènìyàn kì í lò.

Bí àkójọ náà bá sì dín ju bí ó ti yẹ lọ, wàhálà mìíràn ni. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ìfọwọ́sowọ́pọ̀, cooperation, ni àwọn kan fi àmì kékeré pín sí méjì nínú àkójọ tiwọn. Nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ papọ̀ dé, ètò kò mọ̀ ọ́n, ó sì mú Cupertino wá fún un, ìlú kan ní Kalifóníà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àwọn àjọ ńlá ní Yúróòpù ṣe ń jáde tí wọ́n ń sọ nípa Cupertino láàárín orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ náà di orúkọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí, ara tù mí díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Walmart.

Ìlà pupa tí ń wọ́ kiri lábẹ́ ọ̀rọ̀ dé pẹ̀lú Microsoft Word ti ọdún 1995. Ṣáájú rẹ̀, a máa ń kọ ìwé tán ni kí a tó pe ètò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bá wa wí bí a ti ń kọ ọ́. Àwọn tí ń yẹ gírámà wò náà ti wà kí èyí tó dé: Writer’s Workbench ní Bell Labs, àti Grammatik ní ọdún 1981. Daniel Naber, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ LanguageTool ní ọdún 2003, àwọn ọmọ Ukraine sì dá Grammarly sílẹ̀ ní ọdún 2009. Nǹkan kan wà nínú irú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì yìí tí kò yẹ kí àwọn òbí gbójú fò. Ohun tí ẹ bá kọ ń kúrò nínú kọ̀ǹpútà yín lọ sí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àròkọ ilé ìwé lè lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ọ̀rọ̀ ogún tàbí ti ìgbéyàwó tí ó dàrú, èmi kì yóò fi ránṣẹ́. Ní ti LanguageTool, a lè gbé ẹ̀dà rẹ̀ kan sórí kọ̀ǹpútà tiwa kí ó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Gbogbo èyí, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ ti rí i pé láti ọdún 1961 wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: ọ̀rọ̀ ta ni ó wà nínú àkójọ? Ní ọdún 2024, àwọn kan ní Ìlú Ọba ṣe ìpolongo sí àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí “èmi kì í ṣe àṣìkọ,” nítorí pé orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n ni ẹ̀rọ ń fa ìlà pupa sí nídìí lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ wa tí ń jẹ́ Rukayat àti Àyìnkẹ́ lọ́hùn-ún mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìtàn àwọn ará Họ́ńgérì wú mi lórí nípa èyí. Nínú èdè tiwọn, ọ̀rọ̀ kan lè gba àfikún lórí àfikún títí yóò fi gùn bí okùn, àwọn ètò tí a kọ fún Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè gbé e. Ọ̀kan nínú wọn, László Németh, jókòó, ó ṣe èyí tí ó bá èdè rẹ̀ mu, Hunspell ni ó pè é. Lónìí òun ni ó wà nínú LibreOffice àti Firefox, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èdè. Kò dúró de ẹni tí yóò wá ràn án lọ́wọ́ láti òkèèrè.

Tiwa ńkọ́? Ẹ̀rọ nílò àkọtọ́ kan pàtó, èyí sì ti ń fa àríyànjiyàn láàárín wa tipẹ́. Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní ọdún 1875. Àwọn ààfáà wa náà ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, kálukú bí ó ti gbọ́ ọ létí. Ní ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò báyìí, tí aiye fi di ayé, tí enia fi di ènìyàn, tí onjẹ fi di oúnjẹ. Àwọn àgbà kan kò tíì dárí jì wọ́n.

Àmì ohùn ni ó tilẹ̀ le jù. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí àwọn jagunjagun ń jù: bí a bá yọ àmì kúrò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti wàláà kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Lẹ́tà Lárúbáwá mẹ́ta kan náà lè jẹ́ kataba, ó kọ ọ́. Tàbí kutiba, a kọ ọ́. Tàbí kutub, àwọn ìwé. Al-Khalīl ọmọ Aḥmad, onímọ̀ èdè tí ó gbé ní Básírà ní bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, ni a gbà pé ó ṣe àwọn àmì tí a ń lò lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́tà títí dòní. Àwọn tí Lárúbáwá jẹ́ èdè abínibí wọn rí i pé àwọn nílò àmì. Àwa ń sọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí Yorùbá. Ní Ìbàdàn, Tunde Adegbola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Alt-i ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àti èdè wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 2018, Iroro Orife gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe lè dá àmì padà sórí Yorùbá tí a kọ láìsí àmì. Ìwé tí ènìyàn ti fi àmì sí ni ó fi kọ́ ẹ̀rọ náà, Bíbélì Yorùbá sì wà lára wọn. Èmi kò rí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ó mú. Ṣùgbọ́n báwo ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe mọ wòlímà, sàárà, tàbí Ramadan Baba Àlàáfíà, bí àwa tí ń sọ wọ́n kò bá kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì?

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yan ètò kan fún Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má ṣe tẹ̀lé ìpolówó. Ẹ mú ojú ìwé kan tí ẹ ti mọ àṣìṣe inú rẹ̀, kí ẹ gbé e fún un, kí ẹ ka iye tí ó rí, kí ẹ sì ka iye èyí tí ó tọ̀nà tí ó pè ní àṣìṣe. Ẹ wò ó bóyá ó gbà kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín kún àkójọ rẹ̀. Ẹ pa apá tí ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó fa ìlà, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ fún yín. Ní ti Yorùbá, ẹ rọ̀ mọ́ kíbọọ̀dù kan ṣoṣo, nítorí pé ẹ́ kan náà ni a lè tẹ̀ ní ọ̀nà méjì, bóyá ẹ tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a fi ohùn lé, tàbí e lásán ni a kó àmì méjèèjì lé. Lójú wa wọn kò yàtọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà wọn yàtọ̀, ètò tí a kò bá sì ṣe dáadáa yóò pe ọ̀kan ní àṣìkọ.

A tún ìwé ìpè náà tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti fi Walimat àti orúkọ gbogbo ẹbí sínú àkójọ, kò sì sí ìlà pupa kankan mọ́. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Ọmọ náà ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á.” Ó mú èyí tí mo fi ọwọ́ kọ, ó ń kà á sókè, èmi ń fojú tọ̀ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ó dé ọ̀dọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo ní kí ó dúró. Òjò Sátidé ni mo tẹ̀ síbẹ̀.