Táálà Maria Theresa: Owó fàdákà tí wọ́n ná ní Borno àti Kano, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń ra fàdákà lónìí

Ẹni tó bá fẹ́ ra fàdákà pamọ́ lóde òní yóò rí i pé kì í ṣe fàdákà lásán ni wọ́n ń tà. Wọ́n á dà á bíi wàláà pelebe, wọ́n á sì fi òǹtẹ̀ tẹ àwòrán ayé àtijọ́ sí i lára: ọkọ̀ ojú omi, ọba tó ti wàjà, tàbí ẹyẹ idì olórí méjì. Wọ́n á ní ìwọ̀nba díẹ̀ làwọn ṣe, pé tó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Iye tí wọ́n máa pè é yóò sì ju iye fàdákà inú rẹ̀ lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé àwòrán lè mú kí fàdákà níye lórí sí i?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní nǹkan bí 170 ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣòwò Borno àti Kano ń ná owó fàdákà kan tí orí obìnrin wà lára rẹ̀. Wọn kò rí obìnrin náà rí, ó sì ti pẹ́ tó ti kú. Táálà Maria Theresa ni owó náà, ìtàn rẹ̀ sì lè la ẹni tó ń ra fàdákà lónìí lójú.

Ta ni Maria Theresa?

Maria Theresa ni ọbabìnrin tó ṣàkóso Austria, Hungary àti Bohemia láti ọdún 1740. Wọ́n rọ owó fàdákà tó ní àwòrán orí rẹ̀ ní ojú kan, ẹyẹ idì olórí méjì sì wà ní ojú kejì.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, ọdún 1780, Maria Theresa jáde láyé. Ó yẹ kí owó rẹ̀ dópin níbẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ti ọmọ rẹ̀ tó gorí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ní Íjíbítì, Arébíà àti Ethiopia kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní èyí tí ojú àwọn ti mọ̀ làwọn fẹ́. Bí Austria ṣe ń bá a lọ láti máa rọ ọ́ nìyẹn, tí wọn kò sì yí ọdún 1780 tó wà lára rẹ̀ padà. Títí di òní, 1780 ni wọ́n ṣì ń kọ sí i.

Táálà kan wọn gíráàmù 28 àti díẹ̀. Nínú ìdá 1,000 rẹ̀, 833 ni fàdákà, bàbà ló kún un. Ìyẹn ni pé fàdákà gidi inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 23.4.

Báwo ló ṣe dé Borno àti Kano?

Láti Tripoli ni àwọn oníràkúnmí ti ń gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Borno àti ilẹ̀ Hausa. Wọ́n ń kó aṣọ, ohun èlò irin àti táálà wá. Wọ́n ń kó eyín erin, ìyẹ́ ògòǹgò àti awọ lọ. Wọ́n ń kó àwọn èèyàn tí wọ́n sọ di ẹrú lọ pẹ̀lú, nítorí náà owó yìí kì í ṣe owó tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìnàjò ọmọ Jámánì, dé Kano àti Kukawa ní ọdún 1851, ó kọ ohun tó rí nínú ọjà sílẹ̀. Ní Borno, táálà àti owó ẹyọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ipò aṣọ òwú tí wọ́n ti ń fi ra nǹkan tẹ́lẹ̀ ni. Ní Kano, 2,500 owó ẹyọ ni wọ́n ń gbà fún táálà kan.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò àwọn bàbá wa wò ó. Ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan jẹ́ 20,000. Táálà mẹ́jọ péré ló bá a dọ́gba. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹrù tí alágbára ọkùnrin yóò rù lórí, táálà mẹ́jọ kò sì ju ohun tí èèyàn lè dì mọ́ ìgbànú lọ. Fún ẹni tó ń rìn láti Kano dé Borno, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbà á gbọ́?

Fàdákà nìkan kọ́ ni ìdí rẹ̀. Àwọn owó fàdákà míì wà lójú ọjà. Ohun tó mú táálà yàtọ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, ọdún dé, ọdún lọ. Ẹni tó gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó sì gba òmíràn lọ́wọ́ àlejò kò ní rí ìyàtọ̀.

Àwọn oníṣòwò máa ń yẹ àwòrán náà wò fínnífínní: ìbòrí opó tí ọbabìnrin náà fi bo orí, àti àwọn péálì tó wà lára ohun ọ̀ṣọ́ èjìká rẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká ní èdè Látìn, tó túmọ̀ sí "Ìdájọ́ òdodo àti àánú". Tí olè bá rẹ́ fàdákà díẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú ọ̀rọ̀ náà yóò bàjẹ́, ẹni tó fẹ́ gbà á yóò sì mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ethiopia jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1894, Ọba Menelik Kejì gbé owó fàdákà tirẹ̀ jáde. Ìwọ̀n rẹ̀ àti fàdákà inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti táálà dọ́gba. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ní orí Maria Theresa làwọn ń fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba wọn ló wà lára èkejì.

Èyí fi hàn pé àwòrán lè mú kí fàdákà níye lórí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Táálà kò níye lórí torí pé ó ṣọ̀wọ́n. Ó lé ní 300 mílíọ̀nù tí wọ́n ti rọ, ní Vienna, Rome, London, Paris, Bombay àti ibòmíràn. Torí pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n ló ṣe níye lórí.

Nígbà tí táálà di ọ̀rọ̀ ìjọba

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Faransé pa Rabih, tó ti gba Borno, ní ọdún 1900, wọ́n bu owó lé Shehu ti Borno pé kó san án. Táálà ni wọ́n fi ka owó náà. Ìnira owó yìí wà lára ohun tó mú kí Shehu Abubakar Garbai kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1902, níbi tó di Nàìjíríà lónìí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn kò fẹ́ kí owó orí obìnrin Austria máa bá ti ọba wọn díje. Wọ́n fòfin de kíkó táálà wọ Àríwá Nàìjíríà. Ní ọdún 1912, wọ́n dá West African Currency Board sílẹ̀ láti máa bójú tó owó Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ṣílè tí ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1913 jẹ́ ojúlówó fàdákà, 925 nínú ìdá 1,000. Orí ọba wà lójú kan, igi ọ̀pẹ sì wà lójú kejì.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Ní oṣù Kejì, ọdún 1920, fàdákà wọ́n gógó ní London débi pé fàdákà inú ṣílè kan tó kọ́bọ̀ 16, nígbà tó jẹ́ pé kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan ń jẹ́ lójú ọjà. Lọ́dún yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ṣílè. Igi ọ̀pẹ ṣì wà lára rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fàdákà ti lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún tó tẹ̀ lé e, iye fàdákà ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ.

Kí ló kan ẹni tó ń ra fàdákà lónìí?

Pẹ̀lú bí iye náírà ṣe ń já wálẹ̀, kò yani lẹ́nu pé àwọn kan ń wá ohun míì tí wọ́n lè fi owó pamọ́ sí. Fàdákà wà lára rẹ̀. Àmọ́ ìtàn táálà àti ti ṣílè kọ́ wa pé ohun méjì ni olùrà ń ra pọ̀ nínú wàláà fàdákà tó ní àwòrán.

Àkọ́kọ́ ni fàdákà fúnra rẹ̀. Ìyẹn ní iye tí gbogbo ayé ń gbọ́ lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni sì lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí ìwọ̀n àti ìdá fàdákà inú rẹ̀, bíi 999 nínú 1,000, wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n fàdákà náà kì í dúró lójú kan: ní oṣù Kìíní, ọdún 1980, áńsì kan súnmọ́ dọ́là 50, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 27, oṣù Kẹta ọdún náà, kò tó dọ́là 11 mọ́.

Èkejì ni àwòrán àti òǹkà. Owó tí wọ́n fi lé e nítorí pé ìwọ̀nba ni wọ́n ṣe kò sí nínú fàdákà rárá. Ọwọ́ ẹni tó tún fẹ́ ra àwòrán náà nìkan ló wà. Tí ẹ kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ tà á, iye fàdákà lásán ni alágbẹ̀dẹ yóò san fún yín.

Oníṣòwò Kano kò ní irú ìṣòro yìí, torí pé kò sí ọjà tó lè wọ̀ láti ibẹ̀ dé Tripoli tí wọn kò ti mọ orí obìnrin yẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ má kàn béèrè pé mélòó ni wọ́n ṣe. Ẹ béèrè pé mélòó ni yóò kù lọ́wọ́ yín tí ẹ bá yọ iye fàdákà kúrò nínú owó náà, kí ẹ sì béèrè ta ni yóò rà á lọ́wọ́ yín.

Ní Agadez àti káàkiri ilẹ̀ Tuareg, ọ̀pọ̀ táálà ló parí sínú iná àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà. Wọ́n yọ́ ọbabìnrin náà àti ẹyẹ idì rẹ̀, wọ́n fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn ìyàwó àti ọmọbìnrin ilé. Àwòrán náà lọ, fàdákà ló ṣẹ́kù.