Uplink: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán Etí Òpó Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wò

Ẹ̀ ń gbọ́ ẹni tẹ́ ẹ pè, òun ò gbọ́ yín. Nígbà mìíràn, uplink ló fà á, ìyẹn sígínà tó ń ti fóònù lọ sórí òpó.

Láti dán ẹ̀rọ tó ń gba sígínà yìí wò, àwọn ẹnjiníà máa ń lo ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi fóònù. Àjọ 3GPP ló ṣètò ìlànà rẹ̀. Fún òpó ńlá 4G oní 10 MHz, A1-3 ni wọ́n ń lò: QPSK, resource block 25. Wọ́n á wá dín agbára rẹ̀ kù sí -101.5 dBm. Ó kéré tán, ìdá 95 nínú 100 dátà gbọ́dọ̀ wọlé.

Nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì àti àkókò ìbẹ̀rẹ̀ sígínà gbọ́dọ̀ bára mu lọ́tùn-ún lósì. Bí wọn ò bá bára mu, òpó tó dáa á dà bí èyí tó ti bàjẹ́.