Gbólóhùn Kan Nínú Òfin Ìbò Ààrẹ, Láti 1979 Dé 2023

Ọ̀rọ̀ gígùn ni eléyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́, kó fi í sílẹ̀ di alẹ́, kó wá fara balẹ̀ kà á. Ìtàn ni, kì í ṣe ìwàásù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó ya inú Bíbélì díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ilémọ̀nà lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2023, ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni INEC kéde pé Aṣíwájú Bọ́lá Tinubu ló wọlé ìbò ààrẹ. Arákùnrin méjì tí wọ́n jọ ń sìn nínú ẹgbẹ́ kan náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ohùn wọn ń ròkè. Ọ̀kan ní ìbò ò tíì parí, torí ẹni tí wọ́n kéde ò ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò Abuja. Èkejì ní irọ́ ni, Abuja ò ju ibi yòókù lọ. Ni wọ́n bá kọjú sí wa: "Dádì, kí ni òfin wí?"

A ò mọ̀. A ní díplómà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn, ó sì ti lé lógún ọdún tí a ti ń wàásù, ṣùgbọ́n a ò ṣí ìwé òfin Nàìjíríà wò rí. A kàn dáhùn pé Ọlọ́run ló ń gbé ọba gorí oyè, a bá wọlé lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n a fi sá ni. Èyí àbúrò nínú àwọn méjèèjì ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọjọ́ náà, a sì mọ̀ pé kì í ṣe torí ẹnì kejì rẹ̀ nìkan. Nígbà tó ṣe, a lọ ra ìwé òfin náà ní Ìlọrin, a sì ń kà á lálaalẹ́. Ohun tí a rí níbẹ̀ la fẹ́ sọ.

Ọdún 1979 ló ti bẹ̀rẹ̀. A ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn, ohun tí a rántí kò ju ariwo "Up Awo" lójú títì, àti rédíò kan tí àwọn bàbá wa pé lé lórí. Àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá. Wọ́n rántí bí ó ṣe rí kí ogun abẹ́lé tó dé: NPC ní Àríwá, NCNC ní Ìlà-oòrùn, Action Group ní Ìwọ̀-oòrùn, kálukú di apá tirẹ̀ mú. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Rótìmí Williams ṣe alága rẹ̀ wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní kò ní tó kí èèyàn kàn ní ìbò tó pọ̀ jù kó tó di ààrẹ. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò lè fi ẹ̀yà tirẹ̀ nìkan dé ipò náà. Títí di òní, a gbà pé ọgbọ́n ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà náà. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, kí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 19? Méjìlá lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ta ló ti rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ rí?

Wọ́n dìbò lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1979. Alhaji Shehu Shagari ti NPN ní 5,688,857, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti UPN ní 4,916,651. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Kwárà wa wà lára wọn, kódà ó ju ìdajì lọ níbẹ̀. Ìkẹtàlá ló kù, Kano sì ni gbogbo ojú ń wò. Ìbò 1,220,763 ni wọ́n dì ní Kano, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lé díẹ̀ ní 305,000. Shagari ní 243,423. Kò tó. Agbẹjọ́rò NPN, Olóyè Richard Akinjídé, wá ní ẹ dákẹ́, òfin ò ní ìpínlẹ̀ 13. Ó ní ẹ mú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano, ìyẹn 813,842, kí ẹ sì wá ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 203,460. Shagari ti kọjá ibẹ̀! FEDECO gbà, wọ́n kéde rẹ̀.

Àwọn alátakò fèsì pé bí ẹ bá gé ìbò Kano sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ gé ti Shagari náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é fúnra yín: 162,282 ni yóò kù, kò sì tó 203,460. Awólọ́wọ̀ gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ márùn-ún péré kí wọ́n tó búra fún ààrẹ, Adájọ́ àgbà Atanda Fatayi-Williams àti àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ méje náà da ẹjọ́ nù. Káyọ̀dé Èṣó nìkan ló ní Awólọ́wọ̀ jàre. Ẹ kíyè sí i pé Yorùbá ni Akinjídé, Yorùbá ni Fatayi-Williams, Yorùbá ni Èṣó. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ìjà ẹ̀yà lásán ni ọ̀rọ̀ 1979 ò tíì ka ìtàn náà dáadáa.

Ó yẹ kí wọ́n tún gbólóhùn náà kọ lẹ́yìn èyí, kó má baà tún dá ìjà sílẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó fi àtúnṣe òfin yanjú ìṣirò yẹn. Àwọn ológun ni wọ́n ń dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ṣáá: 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996. Ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, ó ń pín dọ́gba. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ṣe di 24 géérégé nìyẹn.

Ti June 12 ọdún 1993, a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa fúnra wa dìbò yan ààrẹ nìyẹn. Olóyè MKO Abíọ́lá ló ń lé iwájú, àmọ́ lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹfà ni ìjọba Babangida fi ìwé kan tí ẹnikẹ́ni ò buwọ́ lù fagi lé gbogbo rẹ̀. Níbi tí àṣẹ ológun bá ti ju òfin lọ, kí ni èèyàn fẹ́ tún ṣe nínú òfin?

Òfin tí a ń lò báyìí náà, àṣẹ ológun ló bí i. Decree 24 ti ọdún 1999 ni, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ló fọwọ́ sí i, kò tó oṣù kan kí wọ́n tó gbé ìjọba sílẹ̀. Ó ní àwa aráàlú la fún ara wa ní òfin náà. Àwa wo? A bi àwọn àgbà Ilémọ̀nà léèrè, kò sẹ́ni tó rántí pé wọ́n pe òun.

Àwọn ará kan máa ń sọ pé òfin tí a bí báyìí ò ṣe é tún ṣe, ká dà á nù. Ẹ ṣí Númérì orí 27. Àwọn ọmọbìnrin Selofehadi márùn-ún tọ Mósè lọ pé bàbá àwọn kú láìní ọmọkùnrin, ṣé kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ ni? Òfin tó wà nílẹ̀ ò rí tiwọn rò. Mósè ò lé wọn, ó gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú Olúwa, Olúwa sì ní àwọn ọmọbìnrin náà jàre. Ó di òfin. Ẹ tún wá ṣí orí 36, àwọn àgbààgbà ẹ̀yà wọn padà wá pé àtúnṣe yẹn lè gbé ilẹ̀ ẹ̀yà kan lọ fún òmíràn, wọ́n sì tún fi nǹkan kún un. Lẹ́ẹ̀mejì! Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Dáníẹ́lì orí 6 náà: òfin ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n ṣe torí ẹnì kan ṣoṣo, tí ọba fọwọ́ sí láìwo ẹ̀yìn wò. Irú méjèèjì la ti rí ní Nàìjíríà.

Irú ti Dáníẹ́lì ni 2006. Abala 137 sọ pé ẹni tí wọ́n bá ti yàn sípò ààrẹ lẹ́ẹ̀mejì ò lè díje mọ́. Sáà kejì Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń lọ sópin, ni àbá bá dé iwájú ilé aṣòfin pé kí wọ́n fàyè gba sáà kẹta. Àtúnṣe tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n dì sínú ẹrù kan náà, àwọn tó dára wà níbẹ̀, sáà kẹta sì wà láàárín wọn bí egungun ẹja nínú ọbẹ̀. Lọ́jọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ilé aṣòfin àgbà tí Ken Nnamani ń darí da gbogbo ẹrù náà nù. Èyí tó dára kú pẹ̀lú èyí tí kò dára.

Kì í ṣe gbogbo aládùúgbò wa ló rí bẹ́ẹ̀ gbà. Ní Togo, Eyadéma ṣèlérí pé òun ò ní díje mọ́ lọ́dún 2003. Nígbà tó di ìparí 2002, wọ́n yọ òté sáà kúrò nínú òfin, ó sì díje. Nígbà tó kú ní 2005, kíákíá ni wọ́n tún òfin ṣe kí ọmọ rẹ̀ lè jókòó sípò bàbá. Ní 2024 wọ́n tún yí i padà pátápátá, aráàlú ò fúnra wọn dìbò yan olórí ìjọba mọ́. Ní Benin tó múlé tì wọ́n, Kérékou, tó ti fi ìbọn gba ìjọba ní 1972, bá òfin 1990 tó dá sáà dúró sí méjì, tó sì ní ẹni tó bá ti lé ní 70 ọdún ò lè díje. Ní 2006 ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ sílé. Ìwé òfin kan náà ni, wọn ò tún un ṣe, àìtún un ṣe yẹn ló gba Benin.

Irú ti Selofehadi ni àtúnṣe 2010. Ẹ gbọ́ èyí: bí wọ́n ṣe kọ òfin 1999, ẹni tó bá máa wà nínú ìgbìmọ̀ INEC gbọ́dọ̀ kúnjú ìwọ̀n ẹni tó lè díje sílé aṣojú-ṣòfin, ẹni tó bá sì máa díje síbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú. Wọ́n wá ń retí kí rẹfirí má ṣègbè! Àtúnṣe 2010 yọ ìyẹn kúrò. Ó tún jẹ́ kí owó INEC máa wá tààrà láti inú àpò ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n má baà máa tọrọ lọ́dọ̀ ààrẹ tí àwọn fúnra wọn fẹ́ ṣe ìdájọ́ ìbò rẹ̀. Ó sì fi gbèdéke lé ẹjọ́ ìbò: ọjọ́ 180 fún ìdájọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ 60 fún ìpẹ̀jọ́. Ṣáájú rẹ̀, ẹjọ́ ìbò 2003 ò parí títí di oṣù Keje 2005, ti 2007 wọ oṣù Kejìlá 2008. Ní 2015, ààrẹ tó wà lórí oyè fìdí rẹmi, ó gbé fóònù pe ẹni tó borí rẹ̀. A ò ní àtúnṣe nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Abala 134 sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ "àti" Abuja. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "àti", ni gbogbo wàhálà. Ṣé kí Abuja wà lára àwọn tí a ń kà ni, àbí kó dá dúró bí àfikún tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀? Tinubu ní 8,794,726, Atiku Abubakar 6,984,520, Peter Obi 6,101,533. Ìpínlẹ̀ tí Tinubu ti ní ìdá kan nínú mẹ́rin ju 24 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n Obi ló gba Abuja, Tinubu ò sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Abuja ò ní àǹfààní kankan tó ju ti ìpínlẹ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2023. Tiwa ni pé ìdájọ́ náà bọ́gbọ́n mu, torí kò yẹ kí ìbò ẹni tó ń gbé Abuja wúwo ju ti ẹni tó ń gbé Ọ̀ffà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka gbólóhùn yẹn tó lóye rẹ̀ sí ọ̀nà kejì kì í ṣe aláìmọ̀kan, kì í sì í ṣe ọ̀tá. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló fàyè gbà á. A jẹ arákùnrin wa lẹ́bi ọ̀rọ̀ yẹn, a sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n búra fún ààrẹ, oṣù Kẹwàá ni ẹjọ́ parí. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń jiyàn lórí ẹni tó ti ń ṣèjọba. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Uwais, tí Ààrẹ Yar'Adua gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìbò 2007, ti dámọ̀ràn láti 2008 pé kí ẹjọ́ parí kí ìbúra tó wáyé. Wọn ò gbà á wọlé. Lóṣù Kẹta 2023, nígbà tí ìjà "àti" ṣì gbóná, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin 16: ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ ojú irin, ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò sí èyí tó kan gbólóhùn yẹn.

A wá arákùnrin wa lọ sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. A gbé ìwé òfin dání, a jọ ka abala 134, lẹ́yìn náà abala 9, tó sọ bí àtúnṣe ṣe ń wáyé: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ní Abuja, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ó kéré tán. Ó bi wá pé, "Dádì, ṣé ti Kwárà wà nínú àwọn 24 yẹn?" A ní ó lè wà níbẹ̀. Èèyàn 24 náà ló jókòó sí ilé aṣòfin Ìlọrin, tiwa sì wà lára wọn, a mọ ilé rẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́rú tó ń bọ̀, a ó dúró díẹ̀ kọ lẹ́tà kan sí i lórí nǹkan méjì: "àti" yẹn, àti kí ẹjọ́ parí kí wọ́n tó búra. Ẹni tó bá mọ ìwé kọ dáadáa, ẹ mú bírò yín wá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má gbàgbé awò ojú, lẹ́tà ìwé òfin yìí kéré púpọ̀. Àwọn arákùnrin méjèèjì ti ní àwọn ń bọ̀.