Ẹ̀bi Ọwọ́ Ni Tàbí Ẹ̀bi Ẹ̀rọ?

Bí ènìyàn bá tẹ ibi tí kò yẹ lára ẹ̀rọ, ta ni ká bá wí: ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ni, tàbí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan a máa ká ẹsẹ̀ bàálù B-17 lẹ́yìn tí ó bá ti balẹ̀ tán, bàálù a sì fi àyà lulẹ̀. Àṣìṣe awakọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ní 1943, Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, wo ibi ìjókòó wọn. Ó rí i pé ohun tí a fi ń ká ẹsẹ̀ àti èyí tí a fi ń ká abala ìyẹ́ jọra bí ìbejì, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi orí bíi táyà sí ọ̀kan, ó fi orí bí ìyẹ́ sí èkejì. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn mọ̀ láìjẹ́ pé ojú wò wọ́n.

Irú ẹ̀kọ́ yìí ni John Karlin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní Bell. Kí tẹlifóònù alátẹ̀ tó jáde ní 1963, wọ́n to nọ́ńbà ní oríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n sì ń ṣọ́ bí àwọn ènìyàn ti ń tẹ̀ wọ́n. Ìdí nìyí tí 1 fi wà lókè lórí fóònù wa títí di òní.

Ìkànnì tí Tim Berners-Lee gbé jáde ní 1991 dúró gbọin bí ojú ìwé. Ní 2005, Jesse James Garrett sọ ọgbọ́n kan ní Ajax: apá kan ojú ewé lè yí padà, kí ìyókù má mira. Ó yá kánkán, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Bí ojú bá wà lápá ọ̀tún, tí èsì yọ lápá òsì, ẹni náà yóò rò pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Yóò tún tẹ̀ ẹ́, ó sì lè san owó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnìkan lè wí pé kí a sáà kọ́ àwọn ènìyàn. Àwọn awakọ̀ B-17 ńkọ́? A kò ha kọ́ wọn? Ẹ fún àgbàlagbà kan ní iṣẹ́ ṣe lórí ìkànnì yín, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ sì máa wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Ojú lọ̀rọ̀ wà.