Ajá Ta Nìyí? Láti Orí Orúkọ Dé Orí Nọ́ńbà Abẹ́ Awọ

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, àwọn ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan ní Sango-Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí orúkọ tó sọ ajá rẹ̀. Buhari ni ó pe ajá náà, ó sì kọ ọ́ sí i lára. Ó ní ìfẹ́ tí òun ní sí ààrẹ ìgbà náà ló fà á. Ṣùgbọ́n aládùúgbò tó fẹjọ́ sùn ní bàbá òun ló ń jẹ́ Buhari, àti pé ṣe ni wọ́n fi ajá bú àwọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ májísíréètì.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún kan náà, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: gbogbo ajá tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ gbọ́dọ̀ ní microchip lára. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì lọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tì í sí abẹ́ awọ ajá. Kò ní bátìrì, kò sì lè sọ ibi tí ajá tó sọnù wà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Nọ́ńbà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kà á kọjá lára ajá, nọ́ńbà yóò hàn, wọn yóò sì fi wá orúkọ olówó ajá nínú àkọsílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ọjọ́ 21 tí kò ṣe é lè san owó ìtanràn tó tó 500 pọ́n-ùn.

Ẹ̀sùn Ọ̀tà yẹn, yálà òótọ́ ni tàbí irọ́, yé gbogbo Yorùbá tó gbọ́ ọ. Láyé àtijọ́, àrokò ni orúkọ ajá. Obìnrin tí orogún ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀ lè sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la. Nígbàkúùgbà tó bá pe ajá wá jẹun, ọ̀rọ̀ ti dé etí ẹni tó ń bá wí, kò sì sí ẹni tó lè pè é lẹ́jọ́. Ajá ọdẹ ní tirẹ̀ a máa wọ ṣaworo sọ́rùn wọ igbó. Agbo ilé mọ ajá, wọ́n mọ olówó rẹ̀. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò kàn.

Ìlú ńlá ló ba ètò yẹn jẹ́. Ìjọba amúnisìn mú láísẹ́ńsì ajá wá, kò sì tíì kúrò nínú ìwé. Àfikún kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi títọ́jú ohun ọ̀sìn inú ilé àti lílọ-bíbọ̀ wọn sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin àṣẹ 21 ti ọdún 1998 náà ti ka owó láísẹ́ńsì ẹran ilé mọ́ owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà. Síbẹ̀, kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn rí ajá tó gbé àmì káńsù kọ́rùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fi láísẹ́ńsì ajá tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1987, nígbà tí owó rẹ̀ jẹ́ 37 péńsì péré, tí ọ̀pọ̀ kò sì san án.

Ní Ìyànà-Ìbà lónìí, ta ló mọ ajá ta? Ayálégbé ń kó wọlé, wọ́n ń kó jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU sì pọ̀ lára wọn. Ajá tí wọ́n fi ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Badagry ń rìn kiri lóru. Bí irú rẹ̀ bá bu ọmọ jẹ ní Okokomaiko, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde ni “kì í ṣe ajá mi.” Kì í sì í ṣe ọgbẹ́ nìkan ni ìṣòro. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni kò fi ní kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni ó ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹranko tí wọ́n fura sí ń bù jẹ ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. (Àrùn yìí ní ìbátan tó ń jẹ́ orúkọ Èkó nínú ìwé ìṣègùn: ara àdán erékùṣù Èkó ni wọ́n ti rí i ní ọdún 1956.)

Àwọn tó fẹ́ kí microchip di dandan ní ẹ̀rí lọ́wọ́, nígbà náà. Nọ́ńbà kò ní jẹ́ kí olówó ajá sẹ́, olè tó jí ajá gbé kò sì ní lè tú u bí ẹni tú okùn ọrùn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í dènà dìgbòlugi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀. Bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú bá gbà á, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹranko tó wà ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá wá fi owó microchip lé e, tí wọ́n tún fi ìtanràn dẹ́rù ba ẹni tó ń fi àjẹkù ẹ̀bà bọ́ ajá, yóò já okùn ọrùn ajá náà lóru ni, yóò sì di ajá aláìníbaba tó léwu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àkọsílẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní ogún ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú nọ́ńbà ajá, ẹni tó bá sì kó lọ láìsọ fún wọn, àdírẹ́sì àtijọ́ ni nọ́ńbà yóò máa júwe. Bẹ́ẹ̀ iná kì í kú níbẹ̀ bí ti ibí.

Ajá tó bá ń ti Èkó lọ sí London gbọ́dọ̀ gba microchip kí ó tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣáájú, wọn kò ní kà á sí. Ìyànà-Ìbà ni ó yẹ kí wọ́n ti yí ètò yẹn po: kí abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ṣáájú, kí wọ́n kọ orúkọ olówó ajá àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú ìwé lásán, kí dandan tó kàn án. Àwọn tó ń bí ajá tà ni kó kọ́kọ́ kàn, nítorí wọ́n ń jèrè níbẹ̀.

Káńsù wo ni yóò wá tọ́jú ìwé náà? Ọ̀jọ́ ni ìwé òfin mọ̀. Ìbà di ìjọba ìdàgbàsókè ní ọdún 2003, nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó yọ 37 irú rẹ̀ lára ìjọba ìbílẹ̀ 20. Ajá tó jí ní Ìbà láàárọ̀ lè wà ní Okokomaiko kí oòrùn tó kan àtàrí.