Nígbà Tí Títì Yí Ọwọ́ Padà
Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì títì sílẹ̀, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bíi ti àwọn aládùúgbò wa. Òfin yí padà lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ kò yí. Ọ̀pọ̀ ṣì ní sítíárìn lápá ọ̀tún, awakọ̀ wá di ará etí gọ́tà. Bó bá fẹ́ bọ́ síwájú lọ́rí, ẹ̀yìn lọ́rí nìkan ló ń rí.

Sítíárìn ti wà lápá òsì báyìí. Síbẹ̀, ẹ wo tírélà tó ń yà wọ Ìsọlọ̀ Industrial Estate: ìjókòó awakọ̀ ga, ilẹ̀kùn apá ọ̀tún jìnnà sí i. Dígí ló fi ń wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀, kò sì ká gbogbo rẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ rí tírélà gàgàrà, ó rò pé awakọ̀ rí òun náà.