Àkọsílẹ̀ Alábàárìn: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìwé Kíkọ Láàárín Àwọn Oníṣègùn Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ di dókítà máa ń kọ́kọ́ gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, nítorí náà kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú ìwé kíkọ nígbà tó bá dé wọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, ńṣe ni ó tún ń kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ aláìsàn, ìyẹn ìwé inú fáìlì tí dókítà àti nọ́ọ̀sì ń kọ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ àìsàn àti ìtọ́jú ẹnì kan sí, kì í ṣe ohun tí ẹni tó kọ ọ́ lè dúró tì kí ó máa ṣàlàyé: ẹlòmíràn ni yóò ṣí i lóru, tí yóò sì ti ibẹ̀ pinnu oògùn tí yóò fún aláìsàn.

Ní 1900, Walter Cannon, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Harvard, dábàá pé kí wọ́n máa fi àkọsílẹ̀ aláìsàn kọ́ni, bí àwọn olùkọ́ òfin ti ń fi ẹjọ́ tí kóòtù ti dá kọ́ni, dókítà Richard Cabot sì gbé àbá náà ró ní Boston. Ṣùgbọ́n kíkà ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé. Ní ti kíkọ, ojú ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Dókítà Lawrence Weed ni ó sọ kíkọ náà di ẹ̀kọ́ gidi. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ ìwádìí, kò sì fara mọ́ ọn pé kí ìwé tí wọ́n ń kọ nínú yàrá ìwádìí wà létòlétò ju èyí tí wọ́n ń kọ nípa ẹ̀mí ènìyàn lọ. Ní Bangor, ní ìpínlẹ̀ Maine, níbi tó ti ń tọ́ àwọn dókítà kékeré sọ́nà ní àwọn ọdún 1950, àti lẹ́yìn náà ní Cleveland, ó ṣe ìlànà kan, èyí tó wá lókìkí nígbà tí The New England Journal of Medicine tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1968. Ìlànà náà ni pé kí wọ́n to gbogbo ìṣòro aláìsàn sí iwájú fáìlì, kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ohun yòówù tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn náà sì tọ́ka sí nọ́ńbà tó kàn.

Lábẹ́ ìṣòro kọ̀ọ̀kan, ìpín mẹ́rin ni àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ní, tí lẹ́tà S, O, A àti P dúró fún. Bí ó bá ṣe obìnrin kan tí ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ ni, abẹ́ S ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ sí, pé èémí ń nira fún òun bí òun bá dùbúlẹ̀, pé irọ̀rí mẹ́ta ni òun ń gbórí lé kí oorun tó lè kun òun. Abẹ́ O ni ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí wọ́n sì wọ̀n yóò wà, bí ẹsẹ̀ tó wú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ariwo omi nínú ẹ̀dọ̀fóró. Abẹ́ A ni ìdájọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí ohun tó fa gbogbo rẹ̀, abẹ́ P sì ni ètò ìtọ́jú, ìyẹn oògùn tí yóò jẹ́ kí ó máa tọ omi tó kún ara rẹ̀ dànù, àti ìwọ̀n tí wọn yóò máa gbé e lé láràárọ̀. Ọ̀gá tó bá ka irú ìwé yìí yóò rí ibi gan-an tí ìrònú akẹ́kọ̀ọ́ ti já, ìdí nìyẹn tí ìlànà náà fi tàn kálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn apòògùn.

Àdánù wà níbẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn, tó jẹ́ orísun gbogbo rẹ̀, di ìlà kan tàbí méjì, ìbẹ̀rù akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kò sì ní ìpín kankan tó lè wọ̀. Ẹ̀bi Weed kọ́ pátápátá, nítorí ó fẹ́ kí ìṣòro ilé àti ti ọkàn wà nínú àtòjọ náà. Ìkánjú inú wọ́ọ̀dù ni ó gé e kúrú.

Ẹ̀ka lítíréṣọ̀ ni ọ̀nà mìíràn gbà wọlé. Ní 1972, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Pennsylvania State University ní ìlú Hershey gba Joanne Trautmann, ọ̀mọ̀wé lítíréṣọ̀, síṣẹ́, kí ó máa ka ìtàn pẹ̀lú àwọn tí yóò di dókítà. Ẹni tó wá jẹ́ kí kíkọ gbajúmọ̀ bíi kíkà ni Rita Charon, dókítà ní Columbia University ní New York, tó tún gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1999 lórí iṣẹ́ Henry James.

Ní 1993, Charon bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ tí a lè pè ní àkọsílẹ̀ alábàárìn, ìyẹn ìwé kejì tó ń bá fáìlì rìn láìwọ inú rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó ń fún wọn ni ti baba kan tí jẹjẹrẹ ń pa lọ: bí ó bá rán akẹ́kọ̀ọ́ létí bàbá àgbà tirẹ̀ tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pa, tí ó sì ń sunkún bàbá àgbà náà nígbà gbogbo tó bá wọ yàrá aláìsàn, kò lè kọ ọ́ sínú fáìlì ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ ní èdè tí ènìyàn ń sọ, yóò sì kà á sétí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjókòó náà kì í ṣe ti ìtùnú lásán, nítorí ìbéèrè olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni Charon ń bi wọ́n: ohùn ta ni ó ń sọ̀rọ̀, báwo ni àkókò ṣe ń lọ nínú rẹ̀, kí ni òǹkọ̀wé fò dá. Ní 2000, ètò ẹ̀kọ́ odindi ti jáde láti inú iṣẹ́ yìí ní Columbia, ètò ìṣègùn onítàn, tó dá lórí pé kí oníṣègùn kọ́ bí a ti ń gbọ́ ìtàn àìsàn, bí a ti ń túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó wọ òun lára. Ní 2009 ó di ẹ̀kọ́ oyè kejì, tí ẹni tí kì í ṣe dókítà náà lè wọ̀.

Ìyípadà tó tẹ̀ lé e kò ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ wá. Ní 2010, dókítà tó lé ní 100 ní Boston, ní Pennsylvania àti ní Seattle gbà kí nǹkan bí 20,000 aláìsàn máa ka àkọsílẹ̀ ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ìdánwò tí wọ́n pè ní OpenNotes. Láti oṣù kẹrin 2021, òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ di ẹ̀tọ́ aláìsàn, àfi níbi díẹ̀ tí ó yọ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ alábàárìn kò sí nínú fáìlì, nítorí náà òfin yìí kò kàn án. Ìwé àkọ́kọ́ ni ó wá di ohun tí aláìsàn lè ṣí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí àṣà ilé ìwòsàn sì ti kọ́ láti kọ ọ́ pé obìnrin náà sẹ́ ọtí mímu, bí ẹni tó wà níwájú adájọ́, ni wọ́n tún ń kọ́ láti kọ ọ́ pé obìnrin náà ní òun kì í mutí.